Eléré póókà tí owó kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀: ọ̀nà mẹ́rin tí ẹ lè gbà fi owó tì í lẹ́yìn

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni àbúrò mi, ọmọ àbúrò bàbá mi, pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Wọ́n ti já mi. Ọba méjì ló wà lọ́wọ́ mi o, gbogbo owó ti wọ àárín, ọ̀gbẹ́ni yẹn gbé éèsì kan àti káàdì yẹpẹrẹ kan, éèsì sì yọ ní káàdì tó kẹ́yìn." Mo bá a kẹ́dùn. Mo tún fi £20 ránṣẹ́ kó fi jẹun alẹ́. Lọ́jọ́ kẹta ni mo ṣèèṣì rí ìwé ìjókòó ìdíje náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo wo orúkọ títí, tiẹ̀ ò sí níbẹ̀. Kò wọlé rárá. £500 owó ìwọlé tí mo fún un ti bá tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lọ láti ọ̀sán Sátidé. Ọba méjì yẹn, inú orí rẹ̀ ló ti hun wọ́n.

Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé ọmọ náà mọ póókà. Ká ní kò mọ̀ ọ́n ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí lọ́jọ́ náà, à bá rojọ́ nílé, à bá gbàgbé. Àmọ́ mo ti jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ní kasínò kan ní London, mo rí i tó ju káàdì tó dára nù torí ohun kan tó rí lójú ẹni tó kọjú sí i, ẹni náà sì ṣí tiẹ̀ hàn, ó borí lóòótọ́. Irú eléré bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní kọ́bọ̀ lápò. Àwọn gan-an ló ń wá ẹni tí yóò gbé owó sílẹ̀ fún wọn, torí ẹni tó mọ̀ ọ́n ta tó sì mọ owó ṣọ́ kò nílò yín.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí fún ẹni tí kò mọ eré náà. Póókà kì í ṣe kàlòkàlò. Nídìí kàlòkàlò, ilé tẹ́tẹ́ lẹ ń bá jà, ìṣirò sì ti wà lẹ́yìn ilé kí ẹ tó jókòó. Nídìí póókà, àwọn eléré ló ń bá ara wọn jà, ilé kàn ń bu tiẹ̀ ni. Ẹni tó gbọ́n lè jèrè bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje, nǹkan bí ènìyàn 15 nínú 100 tó wọlé ni wọ́n sábà ń sanwó fún. Ọ̀gá eléré pàápàá yóò máa pàdánù owó ìwọlé rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, oṣù mẹ́fà sì lè kọjá kó tó mú nǹkan gidi bọ̀. Ẹni tí oṣù mẹ́fà òfò bá máa gba oorun lójú rẹ̀, kó lọ fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń yàn nínú àwọn ọ̀nà tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí, ohun kan ni kí ẹ máa bèèrè nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọwọ́ ta ni owó wà láti ìgbà tó kúrò ní àkántì yín títí ó fi di ṣíìpù, owó ike tí wọ́n fi ń ta, lórí tábìlì? Tí àwọn yòókù bá ṣòro rántí, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Yíyá a lówó

Ibí ni ọ̀pọ̀ ará ilé wa ti ń bẹ̀rẹ̀ láìmọ̀. "Ẹ bá mi wá £1,000, màá dá a padà lópin oṣù." Ó jọ ọ̀nà tó fọkàn balẹ̀ jù, torí bó jẹ bó ṣòfò, gbèsè ni, gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀. Lójú tèmi, òun ló burú jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá jẹ £40,000, £1,000 yín náà lẹ ó gbà. Bó bá ṣòfò, kò sí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹ lè gbà. Ẹ̀yin lẹ ru ewu, ẹlòmíì ló gbé èrè lọ. Gbèsè tún máa ń lé eléré kiri: ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ márùn-ún ló kù kóun san £1,000 kò ní ní sùúrù láti ju káàdì burúkú nù fún wákàtí mẹ́ta, sùúrù yẹn sì ni gbogbo iṣẹ́ póókà.

Ríra apá kan nínú ìdíje kan

Ẹ ra ìdá 20, ìdá 30 (nínú ọgọ́rùn-ún ni mò ń kà á) tàbí ìdajì ìdíje kan ṣoṣo. Ẹ san ìdá yín nínú owó ìwọlé, bí wọ́n bá sanwó fún un, ẹ gba ìdá yín nínú gbogbo ohun tí wọ́n san. Bó bá ṣòfò, ó tán síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹnikẹ́ni. Lọ́la, bó bá tún ní òun fẹ́ ta apá kan, ẹ lè ní rárá láìbá ẹnikẹ́ni jà.

Àwọn eléré tí orúkọ wọn ti dún máa ń fi àlékún sí i. Owó ìwọlé ìdíje àgbà WSOP (World Series of Poker, ìdíje póókà tó lókìkí jù) ní Las Vegas jẹ́ $10,000 láti ọdún 1972, kò tíì yí padà. Ìdá 10 nínú rẹ̀ yẹ kó jẹ́ $1,000, ṣùgbọ́n eléré tó bá ní àlékún òun jẹ́ 1.2 yóò gba $1,200 lọ́wọ́ yín fún ìdá 10 kan náà. $200 yẹn ni owó ọgbọ́n rẹ̀. Mi ò bá ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ ní láti máa ṣọ́ bí ẹni ń ṣọ́ adìẹ tó ń jẹ àgbàdo, ẹ má san àlékún kọ́bọ̀ fún un. Ìṣọ́ yẹn náà ní owó tirẹ̀.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, GGPoker ní ibi tí eléré ti lè ta apá kan nínú ìdíje fún àwọn ẹlòmíì, ìkànnì náà fúnra rẹ̀ ló ń pín èrè fún oníkálukú. Níbi tí òfin bá ti fàyè gbà á, ó dára fún irú eléré tí mò ń sọ yìí, torí owó yín ò gba àpò rẹ̀ kọjá rárá.

Ríra àpapọ̀ ìdíje

Èyí dà bí èkejì, àmọ́ ìdíje mẹ́wàá tàbí ogún lẹ rà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí ọ̀kan bá jẹ, ó lè gbé òfò àwọn yòókù. Àléébù rẹ̀ ni pé owó ìdíje mẹ́wàá ti wọ ọwọ́ rẹ̀ kí ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀. Ibí gan-an ni àbúrò mi ti mú mi: ìdíje mẹ́ta ni mo rà, méjì péré ló wọ̀. Tí ẹ bá máa rà á, kí ìwé yín dárúkọ ìdíje kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ rẹ̀ àti iye rẹ̀, kó sì sọ pé ìdíje tí kò bá wọ̀, owó rẹ̀ padà láàárín ọjọ́ méjì. Kò gbọ́dọ̀ fi ìdíje kan rọ́pò òmíì láìbi yín. "Mo rí òmíì tó rọrùn jù" ni gbogbo wọn máa ń sọ.

Gbígbé e lé ẹ̀yìn pátápátá, pẹ̀lú makeup

Ọ̀nà àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá nìyí. Ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo owó ìwọlé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èrè, ẹ pín in, ìdajì fún un, ìdajì fún yín. Òfò kò parí níbẹ̀: wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń pè é ní makeup, eléré sì gbọ́dọ̀ fi èrè ọjọ́ iwájú dí i kó tó rí kọ́bọ̀ gbà. Bó bá ṣòfò £6,000 láàárín oṣù mẹ́ta, tó wá jèrè £8,000 ní oṣù kẹrin, £6,000 àkọ́kọ́ tiyín ni, £2,000 tó kù lẹ jọ pín, £1,000 sí £1,000.

Àwọn baba wa ní ètò kan tó jọ ọ́: ìwọ̀fà. Ẹni tó yáwó á lọ máa roko olówó, iṣẹ́ náà ni èlé, owó ìpìlẹ̀ ṣì dúró gbọnin títí yóò fi rí i san. Makeup sàn díẹ̀ ju ìyẹn lọ, torí iṣẹ́ eléré ń dín in kù. Bó bá sì jẹ́ olówó ló fọwọ́ ara rẹ̀ tú àdéhùn ká, àṣà wọn ni pé makeup náà ti wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó bá ti rí ìwọ̀fà rí, bó ṣe máa ń roko olówó lọ́jọ́ tó mọ̀ pé òun ò ní bọ́ nínú rẹ̀ lọ́dún yẹn. Eléré tí makeup rẹ̀ ti di £15,000 mọ̀ pé bóun jẹ £10,000 lónìí, òun ò ní rí owó ọkọ̀ nínú rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló máa ń ṣe. Á máa ta bí wèrè kó lè jẹ ńlá lẹ́ẹ̀kan. Tàbí kí fóònù rẹ̀ má wọlé mọ́. Tàbí kó wá owó kékeré níbòmíì, kó máa ta tiẹ̀ lábẹ́lẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíì, níbi tí gbogbo èrè ti jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ìwà rẹ̀ gún régé pàápàá ń jà pẹ̀lú èrò yìí. Ẹni tí owó kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀ kì í jà rárá.

Ẹ jẹ́ ká gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ká sọ pé ìdíje mẹ́wàá ni, £500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, £5,000 lápapọ̀. Ní sáà tó dára, gbogbo ohun tí wọ́n san fún un jẹ́ £8,200. Ní sáà tó burú, £2,000 péré.

| Ọ̀nà | Owó tí ẹ gbé sílẹ̀ | Sáà tó dára | Sáà tó burú |
|---|---|---|---|
| Yíyá a lówó | £5,000 | èrè òdo | ó jẹ yín ní £5,000, £2,000 ló ní |
| Ìdajì, ìdíje kan lẹ́ẹ̀kan, láìsí àlékún | £2,500 | èrè £1,600 | òfò £1,500 |
| Ìdajì àpapọ̀, àlékún 1.1 | £2,750 | èrè £1,350 | òfò £1,750 |
| Gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú makeup | £5,000 | èrè £1,600 | òfò £3,000, ó di makeup |

Ẹ wo ìlà kejì àti ìlà kẹrin. Èrè kan náà ni wọ́n mú wá ní sáà tó dára. Ní sáà tó burú, ẹni tó gba makeup ṣòfò ìlọ́po méjì, ohun tó sì rí dì mú ni ìlérí pé lọ́jọ́ kan á padà. Ìlérí ta ni? Ìlérí ẹni tó sọ fún mi pé ọba méjì wà lọ́wọ́ òun.

Ẹ ó ní, ìdajì kejì ńkọ́, ta ló máa san án? Òun ni. Kó san án nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá ní £250, kó lọ wọ ìdíje £200, kó san £100 nínú rẹ̀. Ẹni tí owó òógùn rẹ̀ wà nínú ṣíìpù yẹn kì í tì í síwájú bí ẹni da omi nù. Fún mi, ìdá 30 ló kéré jù tó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ eléré fúnra rẹ̀, bó ti wù kó ta dáadáa tó.

Ọkùnrin tí wọ́n ra àga fún

Kò sí eléré tó burú láti fowó tì lẹ́yìn tó Stu Ungar, kò sì fẹ́ẹ̀ sí ẹni tó mọ káàdì tó o. Ọmọ New York ni. Ó gba ìdíje àgbà WSOP ní 1980, ó tún gbà á ní 1981. Gbogbo owó náà bá oògùn olóró, ẹṣin àti tẹ́tẹ́ eré ìdárayá lọ. Ní 1990, Billy Baxter, eléré bíi tirẹ̀, san $10,000 kó lè wọlé. Ungar ta dáadáa, ṣíìpù rẹ̀ pọ̀. Ní ọjọ́ kẹta wọn ò rí i. Wọ́n bá a nílẹ̀ yàrá òtẹ́ẹ̀lì, oògùn ti gbé e dákú. Àga rẹ̀ ṣófo, wọ́n sì ń yọ owó dandan kúrò nínú ṣíìpù rẹ̀ bí káàdì ṣe ń yí po. Ṣíìpù náà pọ̀ débi pé láìsí ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, ó parí sí ipò kẹsàn-án, ó gba $25,050.

Ẹni tó bá ní làákàyè á ti sá lẹ́yìn ìyẹn. Ní 1997, nígbà tó kù díẹ̀ kí ìdíje bẹ̀rẹ̀, Baxter tún san $10,000 fún un. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oorun ń kùn ún nídìí tábìlì. Ó gbé awò aláwọ̀ búlúù róbótó sójú, ó ń ta, ó sì borí gbogbo àwọn 312 tó wọlé. Ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ $1,000,000. Baxter gba ìdajì. Láàárín oṣù díẹ̀, ìdajì ti Ungar ti tán. Ní 1998, Baxter fẹ́ gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, Ungar ní ó ti rẹ òun, òun ò lè ta. Ní November ọdún yẹn, wọ́n bá òkú rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Las Vegas. Ọmọ ọdún 45 ni.

Mo máa ń ronú lórí Baxter ju Ungar lọ. Ó mọ irú ẹni tí Ungar jẹ́, ẹ̀rí 1990 wà níwájú rẹ̀. Síbẹ̀ ó jẹ $500,000 lórí $10,000, torí pé ìdíje kan lẹ́ẹ̀kan ló ń rà, kò kó òfò ọdún kan lé òmíì, kò sì ní kí Ungar máa san gbèsè 1990. Àga ló rà fún un. Ohun tí Ungar fi ìdajì tirẹ̀ ṣe, ìwé àdéhùn kankan ò lè dá a dúró, Baxter náà ò sì ṣe bí ẹni pé ó lè dá a dúró.

Ìjánu

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọba méjì, oṣù mẹ́rin kọjá kí n tó tún gbọ́ ohùn àbúrò mi. Nígbà tó wá bẹ̀ mí, mo ní ó dára, mo ra ìdajì ìdíje kan, mo sì bá a lọ. A dúró níwájú kántà. Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ka owó náà lẹ́ẹ̀méjì, ó tò ó sílẹ̀ bí ìka ọwọ́ kí kámẹ́rà lè rí i, ó gba káàdì ìdánimọ̀ àbúrò mi, ó wá tẹ ìwé péńpé kan jáde: orúkọ rẹ̀, tábìlì 14, àga 6. Àbúrò mi na ọwọ́ sí i. Mo ti mú un, mo ti ya fọ́tò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò gbà mí gbọ́ mọ́ ni?"

"Mo gbà ẹ́ gbọ́ nídìí tábìlì. Ọ̀nà láti ibí dé tábìlì ni mi ò gbà gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ jókòó.

Ìjánu àkọ́kọ́ nìyẹn: ẹ fọwọ́ ara yín san owó ní kántà. Bí ẹ ò bá lè dé kántà, ẹ rán ẹni tó lè dé ibẹ̀, tàbí kí ẹ béèrè lọ́wọ́ kasínò bóyá wọ́n ń gba owó ìwọlé tààrà láti àkántì ẹlòmíì. Bí gbogbo rẹ̀ ò bá ṣeé ṣe, ẹ má rà á.

Ìjánu kejì ni iye ìgbà tó lè wọlé. Ọ̀pọ̀ ìdíje ayé òde òní ló fàyè gba kí ẹni tí wọ́n já tún sanwó wọlé lọ́jọ́ kan náà. Bullet ni wọ́n ń pe ìwọlé kọ̀ọ̀kan, ọta ìbọn. Ẹni tó bínú lè yin mẹ́rin láàárín wákàtí mẹ́ta, £500 á di £2,000. Kí ìwé yín sọ iye ọta tí ẹ rà. Ẹyọ kan ni mo máa ń rà.

Ìkẹta ni tábìlì owó ojú ẹsẹ̀, cash game, tó wà nínú gbọ̀ngàn kan náà. Aago mẹ́sàn-án wọ́n já a nínú ìdíje, aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ó ti jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú owó ẹlòmíì nínú àpò rẹ̀. Ibẹ̀ ni owó àpapọ̀ ìdíje ti máa ń kú, kì í ṣe nínú ìdíje. Tí kò bá sí owó lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ohun tó máa gbé lọ síbẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà padà sí ibi kan náà.

Fún ẹni tí owó rẹ̀ ń jò sínú tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, GAMSTOP wà. Ó forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí ọdún márùn-ún, kò sì ní lè wọ ìkànnì tẹ́tẹ́ kankan tó ní ìwé àṣẹ níbẹ̀. Póókà orí íntánẹ́ẹ̀tì náà yóò tì mọ́ ọn, kò lè yàn. Torí náà ẹni tó ń ta ojúkojú ní kasínò ni ó wúlò fún. Àbúrò mi bá mi jà lórí èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ibi tó ń dun ún ni mo fọwọ́ kàn. Báǹkì bíi Monzo náà ní bọ́tìnnì tí ń dènà owó tẹ́tẹ́ lórí káàdì. Ẹ má gbàgbé pé ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ojú pópó ṣì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí GAMSTOP ti tìlẹ̀kùn mọ́.

Ẹ bi í pé ta ló ni ìyókù. Eléré lè ta ìdajì fún yín, kó ta ìdajì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó tún ta ìdá 30 fún ẹlòmíì ní Dublin. Ẹran kan, ènìyàn mẹ́ta ló ti ra itan rẹ̀. Bó bá jẹ, kò ní lè san án, torí náà ó ti rọrùn fún un kó má jẹ. Kí gbogbo ẹni tó ra apá kan wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan, kí ìdá oníkálukú wà níbẹ̀ kí káàdì àkọ́kọ́ tó yọ. Wọ́n tún máa ń fi ìdá ara wọn ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín eléré méjì. Kò burú, ṣùgbọ́n inú ìdá tirẹ̀ ni kó ti yọ ọ́.

Kó máa fi àwòrán ṣíìpù rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín ní gbogbo ìsinmi, èyí rọrùn, kò gba ìṣẹ́jú kan.

Kí ẹ tó ra nǹkankan, ẹ wo The Hendon Mob, níbi tí wọ́n ti ń kó èsì ìdíje ojúkojú jọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: owó tí wọ́n san fún un ló wà níbẹ̀, iye ìgbà tó sanwó wọlé tí kò rí nǹkan kò sí. Ẹni tí ibẹ̀ ní ó ti gba $200,000 lè ti ná $260,000 kó tó rí i. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì sàn jù, SharkScope máa ń fi èrè àti òfò hàn, bí eléré bá gbà kó hàn. Bí kò bá gbà, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ìwé àti owó orí

Ní 2006, Jamie Gold gba $12 mílíọ̀nù ní ìdíje àgbà WSOP. Crispin Leyser dìde pé ìdajì rẹ̀ tòun ni, torí òun bá a wá àwọn gbajúmọ̀ tí yóò wọ aṣọ ilé iṣẹ́ tó san owó ìwọlé fún un. Kò sí ìwé. Ohun tó wà ni ohùn Gold fúnra rẹ̀ lórí fóònù Leyser, tó ń ṣèlérí ìdajì náà. Wọ́n gbé e dé kóòtù, $6 mílíọ̀nù dúró sójú kan, ní 2007 ni wọ́n tó yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kódà kó jẹ́ lórí WhatsApp: ìdá, ìdíje, iye ọta, ọjọ́ tí owó máa padà. Láti September 2007, òfin tẹ́tẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2005 ní pé àdéhùn ò di asán mọ́ torí pé ó jẹ mọ́ tẹ́tẹ́, torí náà ìwé yín níye lórí níbẹ̀.

Bó bá fẹ́ lọ ta ní Las Vegas, ẹ ṣírò owó orí kí ẹ tó ra ìdá kankan. Amẹ́ríkà máa ń yọ ìdá 30 nínú owó tí àjèjì bá jẹ nídìí póókà. Ẹni tó jẹ́ olùgbé Gẹ̀ẹ́sì lè bọ́ nínú rẹ̀, torí àdéhùn owó orí wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Nàìjíríà ò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú wọn. Fọ́ọ̀mù 5754 wà tí wọ́n fi ń pín èrè sí orúkọ gbogbo àwọn tó ni ín. Ẹ jẹ́ kó béèrè rẹ̀ ní kántà lọ́jọ́ náà gan-an, kí gbogbo owó orí má baà wà lórí ẹnì kan.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bó bá jẹ́ pé ìdí tábìlì ló ti ń jò, tó ń bínú, tó ń lé òfò pẹ̀lú káàdì burúkú, ẹ má mú ọ̀kankan. Iye tí ẹ rà kéré tàbí ó pọ̀, òun náà lẹ rà. Bó bá ń jí owó ilé, tó ń ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní póókà, GamCare, àjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ran ẹni tí tẹ́tẹ́ ti mú lọ́wọ́, ló yẹ kí ẹ bá a pè. Bó bá ta dáadáa nídìí tábìlì tó jẹ́ pé ìta ló ti ń jò, ìdíje kan lẹ́ẹ̀kan, owó sí kántà, ọta kan. Àpapọ̀ ìdíje wà fún ẹni tó ti fi ọdún kan ṣe èyí láìsí awuyewuye. Makeup, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ní eléré ogún lábẹ́ wọn, tí òfò ọ̀kan ò lè bà wọ́n lọ́kàn jẹ́, ẹ má sì bá ẹbí yín ṣe é láé. Owó yíyá, mo ti sọ tèmi.

Lọ́jọ́ tí mo ń sọ nípa rẹ̀ yẹn, àga 6 dúró títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi ṣú. Ó parí sí ipò kọkànlá, wọ́n san £3,120 fún un. A tún dúró níwájú kántà kan náà. Ó ka £1,560 sí mi lọ́wọ́, ó kà á lẹ́ẹ̀méjì bí obìnrin ẹ̀yìn gíláàsì náà ti ṣe. Ó wá di £1,560 tirẹ̀ mú, ó wò ó, ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi tọ́jú eléyìí náà dọ̀la, kí báǹkì fi ṣí?"

Mo gbà á, mo fi rọ́bà di tirẹ̀ lọ́tọ̀, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i.